Má àti Máa

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti ń gbálẹ̀. “Ẹ ǹlẹ́.” “Ó dáa.” “Ẹ gbẹ́sẹ̀.” Wọ́n rò pé ìwà mi ni. Kì í ṣe ìwà. Òdìkejì odò ni wọ́n bí mi sí, àwa tí à ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa okùn kànga. Afàgùn ni wọ́n ń pè wá níbí. Bí Afàgùn kan bá kí wọn, wọ́n á ní àwọn ń lọ sùn, kó jí àwọn nígbà tó bá kí wọn tán.

Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kàwé níbẹ̀. A ti jọ ṣàdéhùn: kò mọ̀ mí, mi ò mọ̀ ọ́n. Bó bá ń kọjá, ìgbálẹ̀ ni mo ń wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n wá fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kan tì. Wọ́n ní Afàgùn ló jí i. Ọmọ wa ló sún mọ́ wọn jù, ó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jẹ́jẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Ó ní òun ò mú un. Bó ṣe fa ọ̀rọ̀ yẹn gùn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sín in jẹ, ẹ̀rín náà ló wá di ẹ̀ṣẹ́.

Ẹnìkan pe olórí wọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Awò nítorí dígí ojú ẹ̀. Kíláàsì ló wà, kò lè gbé ìpè. Ó kọ̀wé sórí fóònù wọn: “E ma lu u. Mo n bo.” Kò fi àmì kankan sí i. Ta ló ráyè àmì?

Ọ̀kan kà á pé, “Ẹ má lù ú.” Èyí tí wọ́n ń pè ní Agbábọ́ọ̀lù já fóònù gbà. “Máa ni, jàre. Ó fẹ́ wá bá wa níbẹ̀ ni.”

Ohun tó wà níkùn wọn ni wọ́n kà.

Mo mọ Awò. Ó máa ń bá mi gbé ike omi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè látilẹ̀, ó rí mi. Ó lè pè mí ní Àǹtí. Ó panu mọ́.

Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ gé ọ̀rọ̀ náà kúrú bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹnu tí wọ́n bí mọ́ mi ló sọ̀rọ̀.

“Ẹ máa lù ú.”

Agbábọ́ọ̀lù bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ ò gbọ́? Màmá tí kì í sọ̀rọ̀ ti ní ká máa lù ú.”

Mo tún un sọ. Ó tún gùn sí i.

Awò sáré dé, ó ń wí i léraléra pé má lòun kọ, má lòun kọ. Ọmọ náà ò gbọ́ mọ́. Abẹ́ ìrọ̀rí ẹni tó ni fóònù ni wọ́n ti rí fóònù.

A sin ín sí òdìkejì odò. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé kí ni mo sọ fún wọn. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an. Lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń pe “má”. Ó gbọ́ ọ yé. Ó dì mọ́ mi, ó ń dúpẹ́.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Láàárọ̀ yìí Agbábọ́ọ̀lù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹnu mi. “Ẹ káàárọ̀ooo, Màmáaa.”

Mo mi orí. Mo ń gbálẹ̀ lọ.