Luukia Gòkè Lọ Wo Ibojì Ọkọ Rẹ̀

Ní pápákọ̀ òfuurufú Hilo, ní erékùṣù kan tó ní òkè ayọnáyèéfín, kò sẹ́ni tó ń wọ hẹlikọ́pítà láìkọ́kọ́ gun orí òṣùwọ̀n, torí ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń pín ìjókòó. Luukia bọ́ bàtà, ó ṣí fìlà, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó tún yọ yẹtí, àfi bíi pé yẹtí ló sanra.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Kehau, ọmọbìnrin tó fẹ́ wa hẹlikọ́pítà náà, wí. "Èmi nìkan ló máa rí i."

"Rí i, kó o sì gbàgbé ẹ̀. Oúnjẹ mi ni mo jẹ, mi ò jí tẹnikẹ́ni."

Kehau rẹ́rìn-ín. Ilé wọn àti ilé Luukia ló fara kanra ní abúlé Kapoho, kí iná tó gbé méjèèjì mì lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Òun ló ní kí ìyá àgbà náà wá gòkè lọ́fẹ̀ẹ́, torí ó mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kó má baà rú yín lójú.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin Palakiko, ọkọ Luukia, sí, lábẹ́ igi mángòrò. Nígbà tí òkè ayọnáyèéfín fọ́ lọ́dún yẹn, iná yíyọ́ náà kò sáré. Ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òpópónà dé òpópónà, àwọn èèyàn sì ráyè palẹ̀ mọ́. Luukia ò kọ́kọ́ palẹ̀ ẹrù mọ́. Ilé ló gbá. Ó nu fèrèsé, ó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ó fi òdòdó kọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Pele, òrìṣà obìnrin inú òkè náà, ló ni iná, òun náà ló ni ilẹ̀. Tí onílé bá ń bọ̀ wá gba ilé ẹ̀, ta ló máa jẹ́ kó bá a ní dídọ̀tí?

Ioane, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, gba gbogbo ìyẹn. Ohun tí kò gbà ni ti ibojì. "Màmá, ẹ jẹ́ ká hú egungun bàbá mi ká gbé wọn sá."

"O fẹ́ gbé bàbá ẹ gba ẹ̀yìnkùlé sá fún onílé, lẹ́yìn tí mo ti fòdòdó kí i níwájú ilé? Ojú ò tì ẹ́? Tó bá fẹ́ wọn, kó mú wọn. Tí ò bá fẹ́, á fi wọ́n sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di èébú. Láti ọjọ́ náà, Ioane ò tẹsẹ̀ wọ ilé tí ìyá rẹ̀ sá lọ. Ẹja ló ń fi rán èèyàn sí i, òun fúnra rẹ̀ ò yọjú. Luukia gbà pé ọmọ òun ò lè dárí jì òun, pé òun ló jẹ́ kí iná jó egungun bàbá rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ débẹ̀ lọ wò bóyá iná bo ibojì náà tàbí kò bò ó, torí àpáta dúdú ti dí gbogbo ọ̀nà. Ó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀: tí òun bá fojú ara òun rí i pé iná bò ó, òun máa lọ kúnlẹ̀ bẹ ọmọ tí òun bí. Àgbà tó máa kúnlẹ̀ fún ọmọ, ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ dé eegun.

Bó ṣe ń wọ bàtà padà báyìí, Ioane ló wọlé. Àwọn méjèèjì ta gìrì bí ẹni rí iwin.

"Kehau, o ò sọ fún mi pé ẹlòmíì ń bọ̀," ni Ioane wí.

"Ẹ̀yin náà ò bi mí. Ẹ gun òṣùwọ̀n."

Tọkọtaya àjèjì kan, tínrín bí ìgbálẹ̀, ló kù tó bá wọn lọ. Kehau fi wọ́n síwájú, ó ní ìyá àtọmọ ló máa jókòó sẹ́yìn pa pọ̀. Ó ní òṣùwọ̀n ló wí bẹ́ẹ̀. Irọ́ gbuu ni.

Nínú ọkọ̀ yẹn, ariwo abẹ̀bẹ̀ ń dini létí débi pé kálukú ní láti de ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ mọ́ orí, bí ẹnì kan bá sì mí, gbogbo wọn á gbọ́. Ìyá kọjú sí fèrèsé tirẹ̀, ọmọ kọjú sí tirẹ̀. Wọ́n dé orí òkè náà, wọ́n yọjú wo kòtò rẹ̀. Iná pupa ń hó yaya nísàlẹ̀, ó ń là, ó ń padé. Luukia tẹ orí ba.

"Ẹ kúulé o, Ìyá. A ò bá ìjà wá. Ẹ jẹ́ á kọjá."

Kehau yí wọn sọ́nà òkun. Igbó tán, àpáta dúdú bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ rẹrẹ dé etí omi. Kò sí títì, kò sí òrùlé kan. Luukia di bẹ́líìtì àyà rẹ̀ mú.

"Màmá," ni Kehau wí jẹ́jẹ́, "ẹ wo apá ọ̀tún yín."

Àárín dúdú náà, ewéko tútù yọ̀yọ̀ ni, kò ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ilé ti lọ. Ṣùgbọ́n igi mángòrò dúró, ọgbà òkúta tí wọ́n fi yí ibojì ká sì wà lábẹ́ rẹ̀. Iná ti là sí méjì níbẹ̀, ó gba ọ̀tún, ó gba òsì, ó wá tún padà pàdé níwájú.

"Yéè! Ó yà fún wọn!" Luukia ké débi pé àwọn àjèjì méjèèjì di etí mú. "Ẹ ṣeun o! Ilé mi tẹ́ ẹ mú, ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ ṣeun! Ioane, wò ó, bàbá ẹ wà níbẹ̀!"

Ioane ń sunkún. Ó mi orí.

"Wọn ò sí níbẹ̀, Màmá."

"Kí lo wí?"

"Ọ̀sán ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kó wa sá sí, mo padà lọ. Mo hú wọn, mo kó wọn, mo dí ihò náà padà. Ẹ ti ní kí n má ṣe é, mo ṣe é. Ojú ló ń tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó jẹun nílé yín, kí n máa wò yín lójú?"

 Kehau ń yí ọkọ̀ po lórí ewéko náà. Luukia kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ibo lo kó wọn sí?"

"Yàrá mi. Inú apẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi."

"Ọdún márùn-ún?"

"Ọdún márùn-ún. Mo máa ń kí wọn láràárọ̀ kí n tó lọ sójú òkun. Tí mo bá dé, mà á sọ iye ẹja tí mo pa fún wọn."

"Tí o ò bá rí pa ńkọ́?"

"Mà á parọ́."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Luukia, omijé sì tẹ̀ lé e. "Wọ́n mọ̀. Apẹja ni wọ́n, kò sí irú irọ́ yẹn tí wọn ò pa fún mi rí." Ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ioane, gbogbo ìgbà tí òjò bá ti ń rọ̀ ni mò ń rò ó pé àwọn nìkan ló wà lábẹ́ àpáta yẹn, pé kò sẹ́ni tó ń kí wọn. Àṣé wọn ò dá wà lọ́jọ́ kan. O ṣe mí bí ọmọ burúkú, o sì ṣe bàbá ẹ bí ọmọ gidi. O ṣeun. O ṣeun, ọmọ mi."

Obìnrin àjèjì náà yíjú padà, ó bi Kehau bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Kehau ní rárá o, wọ́n ń dúpẹ́ ni.

"Mà á fẹsẹ̀ rìn gba orí àpáta náà," ni Ioane wí. "Mà á gbé wọn padà síbẹ̀."

"A jọ máa gbé wọn ni. Ṣùgbọ́n má kánjú, ilé ẹ ti mọ́ wọn lára. Mo fẹ́ wá kí wọn lọ́la. Ṣé àyè àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ yẹn?"

"Àga yín ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí mo ti gbé wọn dé, Màmá."

Luukia di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi balẹ̀ ní Hilo.