Òru Tí Wọ́n Jí Lọ́wọ́ Àwọn Adìyẹ

“Ẹ̀gbọ́n mi, adìyẹ kan ń yé ẹyin mẹ́sàn-án lójúmọ́! Kódà lánàá, àkùkọ jókòó sórí ìtẹ́, ó ní tòun náà ti ń bọ̀!”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló ti ń bọ̀. Báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ yìí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àsọdùn, ló fi ṣọ́ ilé adìyẹ. Látìgbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí ti kú, adìyẹ wọ̀nyí ló ń bọ́ ọ.

Ó ṣílẹ̀kùn ilé adìyẹ. Iná ń tàn yòò lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀yìn àwọn adìyẹ ti pá, ẹ̀jẹ̀ wà lára àwọn mìíràn, wọ́n ń ṣá ara wọn jẹ bí orogún tí wọ́n há mọ́ yàrá kan. Bó ṣe tẹsẹ̀ bọlé ni wọ́n fò lọ sí igun, tí wọ́n ń gun ara wọn lórí.

“Kí ló ṣe wọ́n?”

“Wọ́n gérun ni! Ìgbàlódé!”

Ó wo ara ògiri. Aago tó máa ń pa iná fún wọn lálẹ́, wọ́n ti fi rọ́bà dì í pinpin kó má lè yí.

“Ta ló so aago yìí?”

“Èmi ni! Ṣebí iná ló ń mú wọn yé? Mo bá ní kó máa tàn lọ. Mo ti lé òru kúrò nílé yìí. Bó bá fẹ́ padà, àfi kó wá bẹ̀ mí!”

“Ìwọ tó jẹ́ pé bí o ò bá sun oorun ọ̀sán kan, ṣé ará ilé máa ń rímú mí? Àwọn adìyẹ yìí ò sùn rárá!”

“Ẹ tiẹ̀ wo ìtẹ́ ná!”

Lóòótọ́, ẹyin kún ìtẹ́ kan fọ́fọ́. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ balẹ̀ díẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́. Ó tutù nini, omi ń kán lára rẹ̀.

“Àsọdùn, adìyẹ wo ló ń yé yìnyín?”

“Ìtọ́jú mi ló mú inú wọn tutù bẹ́ẹ̀!”

“Inú fíríìjì mi lo ti kó wọn! Ẹyin tí mo kó pamọ́ kí n tó lọ!”

Ó já rọ́bà náà, ó pa iná, ó fa aṣọ bo fèrèsé. Ariwo rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Adìyẹ kan wó lulẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dijú. Kò mọ̀ bóyá oorun ni tàbí ikú.

“Bí èyí bá kú—”

Àsọdùn ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ki eré mọ́lẹ̀ débi pé òjìji rẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wá a kiri.