Ìwé Àdúrà Tí Wọ́n Dá Padà

Bísí, àlá tí mo lá lóru àná ò tíì yé mi. Mo kọ orúkọ Káyọ̀dé àbúrò mi sórí ìwé àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí Ọlọ́run mú un wálé. Ìyá tó ń gba ìwé dá a padà fún mi. Ó ní, “Ọlọ́run ti kà á. Káyọ̀dé ni kò tíì fọwọ́ sí i.”

Níta, Káyọ̀dé jókòó sínú omi, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ìwé tó fà yọ lápò gbẹ: kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun dárí ji òun. Wọ́n ti dá tirẹ̀ náà padà. Ó ní, “Ẹ fọwọ́ sí i.”

Bírò wà lọ́wọ́ mi. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí mo fi jí.