Àpótí Àbáyọ̀mí

Bóòtù tó kẹ́yìn tú, Fàlílù sì fa ike dúdú tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí sínú kúrò láyè rẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí àwọn ihò tó ṣí sílẹ̀. Ohun tó rí mú kí ó gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí ó nu ojú, kí ó tó tún wò ó. Ẹ̀yìn àwọn fáàfù, irin tó ń ṣí tó ń pa dé fún afẹ́fẹ́, tó yẹ kó máa dán, ti di nǹkan mìíràn. Kábọ̀n ti jóná mọ́ wọn, ó nípọn, ó gbẹ, ó rí ṣákiṣàki bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ń gbé kaná igi tí ẹnikẹ́ni kò sì ha rí.

Mọ́tò Dókítà Fọlákẹ́ ni, obìnrin tó ń kọ́ni ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tuntun tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ́ káàkiri Ọ̀tà. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mọ́tò náà ti ń gbọ̀n jìgìjìgì ní òwúrọ̀, tí kò lè gun òkè mọ́. Fàlílù ti pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì. Ó ti di ẹ̀bi ru àwọn tó ń ta epo. Ó ti ní kí obìnrin náà máa da oògùn tó ń fọ ẹ́ńjìnnì sínú tánkì epo, ìgò kan lóṣooṣù, ó sì dà á títí ó fi sú u.

Nísinsìnyí ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ọ̀nà tí epo ń gbà. Nínú àwọn mọ́tò àtijọ́ tó fi kọ́ṣẹ́, ẹ̀yìn fáàfù ni epo ń gbà kọjá, á sì máa fọ̀ ọ́ lọ. Ti èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Inú sìlíńdà gan-an, níbi tí iná ti ń jó o, ni wọ́n ti ń fọ́n epo, kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú fáàfù. Afẹ́fẹ́ àti èéfín ọ́ìlì nìkan ló ń dé ibẹ̀. Ìgò oògùn mẹ́rin, ẹ̀kán kan ṣoṣo kò kàn án.

Ìgbà náà ni ó rántí Àbáyọ̀mí.

Fàlílù Elétí ni gbogbo ọgbà mẹkáníìkì tó wà ní Joju ń pè é. Yóò gbé ìdí sikurudiráfà lé etí, yóò fi ẹnu irin náà kan ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, yóò sì sọ ohun tó ń ṣe é. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Àbáyọ̀mí, ọmọ Ìwó tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, pààrọ̀ ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò pásítọ̀ kan, irú mọ́tò yìí gan-an. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àbáyọ̀mí ní kí àwọn tú u wò. Fàlílù gbé sikurudiráfà sétí, ó ní kò sí ohun tí wọ́n ń tú.

“Ṣéènì ni,” ó ní. “O gbé e sí eyín tí kì í ṣe tiẹ̀. Ọwọ́ ẹ ti ń bàjẹ́, Àbáyọ̀mí.”

Pásítọ̀ fi ìbínú gbé mọ́tò rẹ̀ lọ, ó tà á, kò sì sẹ́ni tó tú u wò mọ́. Nínú ọgbà wọn, ẹni tó bá ba mọ́tò oníbàárà jẹ́, wọ́n á ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ pa níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ alága fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹni náà á wá tọrọ rẹ̀. Fàlílù ni alága. Ó ti àpótí Àbáyọ̀mí pa, ṣùgbọ́n Àbáyọ̀mí kò wá tọrọ kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní ó ti di sìkiọ́ríìtì ní géètì yunifásítì kan lọ́nà Ìdí-Ìrókò, Fàlílù sì ti ń yẹra fún ọ̀nà náà láti ìgbà náà. Inú máa ń bí i pé ọkùnrin náà gbéra ga débi pé kò lè wá bẹ̀bẹ̀. Àpótí náà wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Orí rẹ̀ ló ń jókòó sí jẹun ọ̀sán.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nùrẹ́nì, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wọn, ń lu ara mọ́tò kan lọ́ọ̀ọ́kán, kò gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Ó lè ha kábọ̀n náà dànù, kí ó dé ike padà, kí mọ́tò máa fò lọ, kí wọ́n sì tún máa yìn ín. Èrò náà dùn mọ́ ọn, dídùn rẹ̀ sì dẹ́rù bà á.

Ó fi sikurudiráfà ha díẹ̀ sínú bébà, ó mú kọ́kọ́rọ́ àpótí Àbáyọ̀mí lára ìṣó, ó jáde lọ wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ojú ọ̀run ṣú, òjò kò sì rọ̀. Pátákó ìsọjí wà ní gbogbo ìyànà, tírélà tó kó sìmẹ́ǹtì sì ń tò lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé.

Àbáyọ̀mí dìde lórí àga géètì nígbà tó rí i. Ó ti hewú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Ṣé kò sí nǹkan?”

Fàlílù ti to ọ̀rọ̀ jọ lójú ọ̀nà. Kò rántí ọ̀kankan mọ́. Ó tú bébà náà.

“Ẹ̀yìn fáàfù ni mo ti ha á. Irú mọ́tò pásítọ̀ yẹn ni, ó ń gbọ̀n bíi tiẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ṣéènì ẹ̀ rí.”

Àbáyọ̀mí bù ú, ó fi ìka rún un, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ tú u?”

“Èmi nìkan.”

“Ẹ̀ bá ti dákẹ́.”

Fàlílù ń retí èébú. Kódà, èébú náà ń wù ú. Kò rí i gbà.

“Mo gbà yín gbọ́,” Àbáyọ̀mí wí. “Mo sọ fún ìyàwó mi pé lóòótọ́ ni, pé ọwọ́ mi ti bàjẹ́. Bí mo ṣe ń jókòó síbí, mo máa ń to ṣéènì yẹn lọ́kàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo ń wá ibi tí mo ti ṣì í. Mi ò rí i.”

Mọ́tò kan fọn fèrè. Ó lọ ṣí géètì, ó kí onímọ́tò, ó ti géètì padà. Fàlílù na kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò gbà á.

“Ẹ má fi irin ha á o, igi ni. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí fáàfù á fi pa dé, kẹ́ ẹ tó da oògùn sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ẹ̀gbin yẹn á já sínú sìlíńdà.”

Irin ni Fàlílù fi ha á. Kò sì ronú kan fáàfù tó ṣí tàbí tó pa dé.

“Wá bá mi ṣe é.”

Àbáyọ̀mí wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́.

“Ẹ̀rù ọwọ́ yìí ń bà mí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ yín.”

Nígbà tí Fàlílù padà, ó pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó fi fáàfù hàn wọ́n, ó sì sọ ohun tó ṣe fún Àbáyọ̀mí. Nùrẹ́nì gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀, ó bojú wo ibòmíràn. Fàlílù yí ẹ́ńjìnnì, fáàfù pa dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi igi ha wọ́n títí oòrùn fi yẹ àtàrí.

Ṣùkúrát ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá. Fàlílù bẹ̀rẹ̀, ó fa àpótí náà jáde bó ṣe máa ń ṣe, ó sì rí bí ìdérí rẹ̀ ti ń dán níbi tó ń jókòó sí. Ọdún mẹ́fà ló fi ń retí kí onígbèéraga kan wá bẹ̀bẹ̀. Ẹni náà ti gba ìdájọ́ Fàlílù gbọ́ tán, ó sì ń ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lórí àga géètì.

“Ẹ ò ní jókòó ni?” Ṣùkúrát bi í.

Ó rọra ti àpótí náà padà sábẹ́ tábìlì, ó sì gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìdúró.