Epo Lórí Ẹ̀rọ Tó Ń Sàba

Ògúnfúnkẹ́ kì í ṣe ojo. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, láti Ọ̀yọ́, ẹni tó sì dàgbà nídìí ẹwìrì kì í bẹ̀rù iná. Àmọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, nílé-iṣẹ́ òròmọdìyẹ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ìlẹ̀kùn bá ti dún báyìí, àyà rẹ̀ á já.

Lọ́dún 1988, nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba, ń fojú mẹ̀kúnnù gbolẹ̀, ni ọ̀gá wọn, Alàgbà Adéṣínà, ra ẹ̀rọ kan láti òkè òkun tó ń sàba lé ẹyin bí adìyẹ. Látìgbà náà, àwọn ọlọ́sìn adìyẹ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ò rìn dé Èkó mọ́ kí wọ́n tó rí òròmọdìyẹ rà. Àwọn alágbàdo Sábó ń tajà, àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní Ọjà Igbó ń gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Ismaheel, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe, fi ohun tí gbogbo rẹ̀ dúró lé han Ògúnfúnkẹ́ àtàwọn òṣìṣẹ́ yòókù lọ́jọ́ kan: wóró dúdú kan nínú ihò lókè ẹ̀rọ, kò tó ọkà bàbà. Ó ní wóró yẹn ló ń gbọ́ bí inú ẹ̀rọ ṣe gbóná sí, tó sì ń sọ ìgbà tí iná máa tàn àti ìgbà tó máa kú. Ẹ̀rín pa Ògúnfúnkẹ́. Ó ní àṣé ìlú méjì ń jẹun lára ohun tí eèrà lè gbé.

Bàbá rẹ̀, Ògúndélé, kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ra ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ti pa agbẹ̀dẹ tì, ó fi irin tó kù kan ilé adìyẹ, ó ní kí ọmọ òun bá òun gba òròmọdìyẹ sílẹ̀. Nígbà ọdún Ògún, ó kìlọ̀ fún un pé irin téèyàn bá ń jẹ lára rẹ̀, irin náà gbọ́dọ̀ jẹ, kí ó fún ẹ̀rọ náà lépo. Dírẹ́bà wo ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Mẹkáníìkì wo ni kì í ṣe é? Ọmọ gbọ́ràn. Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, ó gun àpótí, ó ta epo pupa sórí ẹ̀rọ, ó wúre, ó sì fi àkísà nù ún. Èyí tó ṣàn wọ ihò, kò rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ló fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ, ó gbóná janjan. Síbẹ̀, nọ́ńbà ooru tó yẹ kó wà lójú gíláàsì ẹ̀rọ náà ló wà níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ lọ sára epo. Bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lọ; bó bá dákẹ́, ẹyin ń kọ́? Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ó dákẹ́.

Ọjọ́ tó yẹ kí ẹyin pa, wọn ò gbọ́ igbe kankan. Wọ́n fọ́ ọ̀kan, wọ́n fọ́ òmíràn. Òròmọdìyẹ ti kú sínú èèpo. Ismaheel fi òwú yọ epo nínú ihò, ó ní epo ló bo wóró yẹn tí kò fi gbọ́ ooru mọ́, tí iná fi ń tàn ṣáá. Ọ̀gá bi wọ́n ta ló ṣe é, ó ní kí onítọ̀hún máa lọ sílé. Ògúnfúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa èèpo ẹyin; láti ọjọ́ yẹn ni ìró ìlẹ̀kùn ti ń bà á lẹ́rù. Wọ́n pààrọ̀ wóró náà, wọ́n to ẹyin tuntun sínú ẹ̀rọ. Ọ̀gá ní bí èyí bá tún bàjẹ́, òun á ti ilé-iṣẹ́ náà pa.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá rẹ̀ dé láti Ọ̀yọ́ pẹ̀lú páálí tó ti dá lu fún òròmọdìyẹ. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹyin ò pa, kí ó fara balẹ̀ de èyí tó wà nínú ẹ̀rọ. Bàbá sún mọ́ ọmọ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ṣé o fún un lépo bí mo ṣe wí?”

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“A jẹ́ pé kò yó.”

Ó yọ ìgò epo kan nínú àpò, ó ṣí ọmọrí rẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀rọ. Ọ̀gá àti Ismaheel dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò tíì mọ ohun tó fẹ́ ṣe. A kì í já nǹkan gbà lọ́wọ́ bàbá ẹni. Ẹ̀rù bo Ògúnfúnkẹ́ látòkè délẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sáàárín bàbá àti ẹ̀rọ, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Epo tí mo ta sí i ló pa àwọn òròmọdìyẹ.”

Ọ̀gá gbọ́. Ismaheel gbọ́. Bàbá wá ọmọrí ìgò jáde nínú àpò rẹ̀, ó sì dé ìgò epo náà pa.