Omi Tó Tòrò

"Ìyá Onífe, omi tí ẹ ní ó dọ̀tí náà dà?"

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ mànàmáná bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ife gíláàsì mẹ́fà tí wọ́n tò sójú fèrèsé. Omi inú gbogbo wọn ń dán gbinrin.

Ìyá Onífe ni wọ́n ń pe obìnrin náà nítorí ife rẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ ìsédò, odi ńlá tí wọ́n fi sé odò kí omi rẹ̀ lè máa fún ìlú níná. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láràárọ̀ lọ sí ẹsẹ̀ odi, níbi tí omi díẹ̀ ti máa ń sun jáde. Á bu ife kan, á lẹ ọjọ́ mọ́ ọn lára, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kò sí ìsédò tí kì í sun omi. Ṣùgbọ́n bí omi ọ̀hún bá ti ń gbé erùpẹ̀ bọ̀, omi ti ń jẹ odi láti inú nìyẹn, odi náà sì lè ya lu ìlú.

Ó ti di ọjọ́ kẹta báyìí tí àwọ̀ omi ti yí padà. Ó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn omi, kí adágún ẹ̀yìn odi fà, kí wọ́n lè tún odi ṣe. Bí wọ́n bá ṣí i, ìlú kò ní rí iná fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọkọ tirẹ̀ gan-an, ajórin ni, ó sì ti ṣèlérí ilẹ̀kùn fún ilé-ìwé kan lọ́sẹ̀ yẹn.

"Ẹ má bínú, mà," ni ọ̀gá wí, "bóyá ojú yín ló ń ṣe bàìbàì. Omi yìí tòrò!"

"Ó tòrò lóòótọ́, ọ̀gá. Àmọ́ ṣé ó mọ́?"

Ìyá Onífe gbé ife àkọ́kọ́, èyí tó pẹ́ jù nínú ti ọjọ́ mẹ́fà náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dé e, ó mì í. Kò yí padà. Ìkejì, ìkẹta, bákan náà. Ó mi ìkẹrin. Erùpẹ̀ tó ti rọ̀ sísàlẹ̀ gbéra, omi náà sì pọ́n rúsúrúsú. Ìkarùn-ún pọ́n jù ú lọ. Nígbà tó mi ti àárọ̀ ọjọ́ náà, wọn kò rí òdìkejì ife mọ́.

Ọ̀gá fìdí lé àga. "Ọjọ́ mẹ́wàá! Wọn á bú wa tìyá-tìyá."

"Ẹni tó bá wà láàyè ló ń bú èèyàn, ọ̀gá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọ̀gá láì rò tẹ́lẹ̀. Ó fa ìwé mọ́ra. Lẹ́tà ńláńlá tí obìnrin náà kọ́ lágbà ló kún ojú ewé: OMI TÒRÒ, KÒ MỌ́. Ọ̀gá fọwọ́ sí i lábẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán, omi ń hó gùdù gba ẹnu ilẹ̀kùn omi tí wọ́n ti ṣí jáde nígbà tí fóònù Ìyá Onífe dún. Ọkọ rẹ̀ ni.

"Màmá wọn, wọ́n ti mú iná lọ o! Ta ni aláìláàánú yìí?"

"Èmi ni."

Ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ gbé irin sílẹ̀.

"Erùpẹ̀ ti ń bá omi bọ̀?"

"Ọjọ́ kẹta rèé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. N óò lọ bẹ àwọn onílé-ìwé. Ìwọ ṣáà má dúró pẹ́ nísàlẹ̀ odi yẹn o."

Ó ní òun ti gbọ́. Ife òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti sọ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn tó lọ sí ẹsẹ̀ odi.