Ojú Ìwé Tí Dádì Kà

Ó máa ń ṣòro fún Rachael Ọbayẹmí láti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

"Ẹ wò ó báyìí, Dádì," ó máa ń sọ. "Tí èèyàn bá fẹ́ mọ nǹkan, á kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú Google. Oríṣiríṣi ìkànnì ló máa jáde, ṣùgbọ́n èyí tó wà lókè pátápátá ni ọ̀pọ̀ máa ń tẹ̀. Èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ tó ń gbé ìkànnì àwọn oníbàárà mi dé òkè yẹn."

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Japheth Ọbayẹmí fi ṣe iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìntì. Á mi orí. "Ó yé mi. Ẹni tó mọ̀ jù ni wọ́n ń gbé sókè."

Rachael á rẹ́rìn-ín, kò sì ní tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Yàrá kan ní Dutse Alhaji, ní Abuja, ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó mọ iṣẹ́ ọ̀hún dáadáa. Kó tó kọ ohunkóhun, á kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ gan-an, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tòun ti àṣìṣe inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò fi ṣe àkọlé. Á tún un sọ nínú ìlà àkọ́kọ́, á sì dáhùn ìbéèrè náà kíákíá, torí pé ẹni tó ń wá nǹkan lórí fóònù kì í ní sùúrù.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń ta àgbo inú ìgò, Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá, gbé iṣẹ́ fún un. Rachael wo ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè, ó rí i pé ìbéèrè kan ló pọ̀ jù: ṣé mo lè dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró? Ó pe ọkùnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé dókítà kankan ti yẹ àgbo yìí wò?"

"Àwọn tó ń mu ún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Ìwọ ṣáà bá mi kọ ọ́ kó dé òkè."

Ó yẹ kó kọ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọ̀. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dùn ún kà: Ṣé mo lè dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró? Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣe é. Ó fi ìtàn ìyá àgbàlagbà kan sí i, ìyá tí kò sí níbì kankan àfi nínú orí tirẹ̀. Orúkọ dókítà tí òun àti Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá jọ hùmọ̀ ni wọ́n fi sí ìsàlẹ̀. Nígbà tó pé oṣù mẹ́rin, ojú ìwé náà bọ́ sí ipò kìíní. Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá gbàdúrà fún un títí lórí fóònù, inú Rachael sì dùn.

Ní Nyanya, ní Abuja kan náà, níbi tí Japheth ń gbé pẹ̀lú Fẹ́rànmí, àbúrò Rachael, ẹsẹ̀ bàbá ti ń wú. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀, ó sì gbà pé oògùn náà ló ń mú ẹsẹ̀ òun wú. Kò fẹ́ yọ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ó mú fóònù tí Rachael rà fún un, ó tẹ ìbéèrè rẹ̀ sí i. Ó ka èyí tó wà lókè. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ ra àgbo.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Fẹ́rànmí pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àǹtí mi, Dádì ṣubú ní balùwẹ̀. Apá ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. A ti wà ní ọsibítù."

Nígbà tí Rachael fi máa dé ibẹ̀, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Rosemary ń béèrè oògùn tí bàbá ń lò. Fẹ́rànmí sáré padà sílé lọ kó wọn. Ohun tó kó wá nínú ọ̀rá ni páálí oògùn tí wọn ò tíì já, ìgò òfìfo méjì, ọ̀kan tó kù sí ìdajì, àti ìwé àkọsílẹ̀ kan. Rachael rí àwòrán ara ìgò náà, ó mọ̀ pé àgbo Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá ni, ó sì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ náà.

Japheth kì í gba ohunkóhun gbọ́ tán àfi tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta ló ti da ọ̀rọ̀ náà kọ, pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ tó dúró ṣánṣán. Ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àkọlé. Rachael ń ka gbólóhùn ara rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà yẹn wà níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, Japheth kọ ọ́ pé: Kí n bi Rachael tó bá wá. Ó mọ̀ nípa Google.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án rèé tí Rachael kò ti dé Nyanya. Iṣẹ́ ló pọ̀.

"Ta ló lè kọ irú nǹkan báyìí?" Fẹ́rànmí béèrè.

"Èmi ni."

"Kí lẹ sọ?"

"Èmi ni mo kọ ọ́, Fẹ́rànmí. Gbogbo rẹ̀."

Fẹ́rànmí gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á dé, ó sì jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bàbá wọn lò sí i. Ohùn ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ keje, nígbà tó ku àwọn méjèèjì nínú yàrá, Rachael kúnlẹ̀ sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Dádì, ohun tí ẹ kà lórí fóònù, èmi ni mo kọ ọ́. Mi ò mọ òtítọ́ ibẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Japheth wò ó. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ó gbé e lé e lórí, bó ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń gbàdúrà láàárọ̀. Rachael kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ohun tí òun sọ, tàbí ó kàn rí i pé ọmọ òun ń sunkún.

Wọ́n sin ín sí Ìyàrá, ìlú rẹ̀. Fẹ́rànmí kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú náà, kò sì sọ ohun tó mọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ tí Rachael padà sí Abuja, ó pe Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ojú ìwé náà kúrò.

"Mo bá ọ kẹ́dùn gidi gan-an," ọkùnrin náà sọ. "Ṣùgbọ́n ojú ìwé yẹn ló ń mú èèyàn wá fún mi. Mi ò lè yọ ọ́."

Kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ohun kan ṣoṣo tí Rachael mọ̀ ọ́n ṣe náà ló ṣe. Ó fi àkọlé kan náà kọ ojú ìwé mìíràn. Ìdáhùn rẹ̀ ni: Rárá. Má dá a dúró láìrí dókítà rẹ. Ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méje tí kò lo oògùn, àti ọjọ́ mẹ́sàn-án tó lò ní ọsibítù. Ó kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ tó ń wú ṣeé tọ́jú, pé dókítà ì bá ti pààrọ̀ oògùn náà fún un. Dókítà Rosemary bá a yẹ gbogbo ìlà rẹ̀ wò. Ó tún kọ ọ́ pé òun gan-an ló kọ́kọ́ kọ irọ́ náà, ó sì fi orúkọ àti fọ́tò ara rẹ̀ sí i. Àwọn oníbàárà méjì kà á, wọ́n sì gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó pé oṣù márùn-ún, ojú ìwé tuntun náà wà ní ipò kẹfà. Ti Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá ti wálẹ̀ sí ìkejì. Èyí tó wá wà ní ipò kìíní jẹ́ ti ìkànnì kan tí Rachael kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó ṣí i. Ọ̀rọ̀ tó kọ fún Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá ni wọ́n jí dà kọ síbẹ̀, láìyọ ẹyọ kan kúrò.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Fẹ́rànmí pè é.

"Mo ti ka ohun tí ẹ kọ nípa Dádì."

Rachael gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò tíì lè fojú kàn yín," Fẹ́rànmí sọ. "Mi ò mọ ìgbà tí màá lè fojú kàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́ o."

"Mi ò ní yọ ọ́."

Fẹ́rànmí gé ìpè náà. Rachael fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ìkànnì tó wà ní ipò kìíní, láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò.